Nemona ti na ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹfà

Ìyá_Tóbi (Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ géèmù ọmọdé ni mo gbé wá, ilé wa ni kò fararọ láti ọjọ́ Àìkú. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń ṣe Pokémon Scarlet. Ó ti gba báàjì mẹ́jọ̀ọ̀jọ, ó ti na àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Elite Four, ó sì na obìnrin kan tó ń jẹ́ Geeta tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn. Wọ́n ní ó ti di Champion. Mo tiẹ̀ dín adìyẹ fún un.

Àfi bó ṣe padà sí Mesagoza, ìlú tí iléèwé wọn wà, tí ọmọbìnrin aládùúgbò yẹn tún ń dúró dè é. Nemona. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé wọn, tó so irun, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tínú rẹ̀ máa ń dùn bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìyàwó. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń tọ́ ọmọ mi sọ́nà bí ẹ̀gbọ́n. Ṣé bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe nìyí? Ó ti nà án lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, Tóbi ju ẹ̀rọ sórí àga, ó lọ sùn láìjẹun.

Nígbà tó lọ síléèwé lónìí, mo gbé e, mo ní kí n wo ohun tó le níbẹ̀. Ó na èmi náà.

Àwọn tí Tóbi ní nìwọ̀nyí: Skeledirge 61, Garchomp 60, Gyarados 58, Gardevoir 58, Staraptor 57, Mabosstiff 56. Kí ni ká ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, aláǹgbá pupa ńlá tó ń gùn kiri yẹn, kí ló dé tí kì í jà? Lójú tèmi, òun ló yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Fuecoco_ni_tèmi (9:20 alẹ́)

Mà, ipele ni ìṣòro yín. Ẹ jẹ́ kó lọ ja Tera Raid (àwọn ìjà tí wọ́n ti ń fúnni lẹ́bùn), kó kó Exp. Candy jọ, súwíìtì tó ń gbé ipele Pokémon sókè, kó fún wọn jẹ títí gbogbo wọn á fi tó 70. Nemona ò ní rí nǹkan kan ṣe. Ó tán.

Koraidon ni aláǹgbá yẹn. Kò lè jà báyìí, ó di òpin ìtàn ní Area Zero.

Adé_Paldea (9:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, Mà. Fuecoco ò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ipele, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó fi ẹgbẹ́ yìí na Geeta kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí ni pé Nemona le ju Geeta lọ. Ipele 61 àti 62 làwọn ti Geeta wà. Nemona ní márùn-ún tó wà ní 65, èyí tó máa ń gbé jáde kẹ́yìn sì wà ní 66. Nínú ìtàn, ó ti di Champion kí Tóbi tó wọ iléèwé wọn rárá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń pàdé lọ́nà, ṣe ló ń tọ́ àwọn Pokémon tuntun dàgbà kó lè máa bá Tóbi jà ní ìwọ̀n Tóbi. Ní Mesagoza yìí ló ti wá jà bó ṣe mọ̀ ọ́n jà. Ẹ wo bínú rẹ̀ ṣe ń dùn nígbà tó ń sọ pé òun ò ní fa ọwọ́ sẹ́yìn mọ́. Ẹni tí kò tíì rí ẹni bá a dọ́gba ni.

Lycanroc ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ó ní Goodra, Dudunsparce, Orthworm àti Pawmot. Ẹ̀kẹfà dá lórí èyí tí Tóbi mú níbẹ̀rẹ̀: torí pé Fuecoco (tó ti di Skeledirge) ni Tóbi mú, Sprigatito ni Nemona mú, òun ló ti di Meowscarada báyìí. Ká ní Sprigatito ni Tóbi mú ni, Quaxly ni ì bá mú. Ká ní Quaxly ni, Fuecoco ni ì bá mú. Gbogbo ìgbà ló máa ń mú èyí tí ti ẹ lè tètè borí.

Ọkàn mi ń sọ fún mi pé Earthquake Garchomp ni ẹ fi ń lu gbogbo wọn. Ó dáa fún Lycanroc, ó dáa fún Pawmot. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fi lu Orthworm láé. Ekòló ni Orthworm, ekòló onírin. Lóòótọ́, nǹkan irin máa ń bẹ̀rù ilẹ̀, àmọ́ eléyìí ní Earth Eater: ìkọlù ilẹ̀ kankan kì í ràn án, ṣe ló ń jẹ ẹ́. Earthquake kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi lù ú ń dá ìdá mẹ́rin ẹ̀mí rẹ̀ padà fún un. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Nínú géèmù yìí, ekòló ló ń lanu fún ilẹ̀.

Iná ni kí ẹ fi lé e, tàbí ìkọlù ìjà.

Ìyá_Tóbi (10:03 alẹ́)

Yéè! Èmi gan-an nìyẹn! Mo rí i tí ẹ̀mí nǹkan náà ń kún sí i, mo rò pé ẹ̀rọ yìí ń ṣe ojúsàájú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lù ú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Tóbi léèrè (kò tíì sùn, ó ń yọjú wo ohun tí mò ń tẹ̀). Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, òun tiẹ̀ sọ fún mi, mo ní kó yé ṣe àwáwí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe ekòló ló ń pa òun, Goodra ni. Gbogbo ìgbà tí Goodra bá jáde, méjì tàbí mẹ́ta nínú tòun ló ń bá a lọ.

Bọ̀dá_Gameboy (10:15 alẹ́)

Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti ń ṣe Pokémon látìgbà tí wọ́n ti ń fi bátìrì ṣe é. Ìmọ̀ràn kan péré ni mo ní: tí ẹ bá ti pa ọ̀kan nínú tiẹ̀, géèmù máa sọ èyí tó fẹ́ gbé jáde, á sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ pààrọ̀. Ẹ máa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ní Goodra ló ń bọ̀, kí ẹ ti gbé èyí tó mọ̀ ọ́n jà jáde. Bí mo ṣe na gbogbo wọn nìyẹn láti 1999.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: Nemona kì í ṣe ọ̀tá gidi. Blue ni ọ̀tá, nínú Red àti Green ti 1996 lọ́hùn-ún. Ìwọ á mú tìẹ, òun á mú èyí tó lè jẹ ẹ́ run, á sì tún bú ẹ lé e. Nemona ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń ṣàánú èèyàn, tó ń mú èyí tí kò lágbára.

Dunsparce_Òṣogbo (10:22 alẹ́)

Bọ̀dá, òótọ́ ni ti ìbéèrè yẹn. Ó ṣì wà nínú Scarlet àti Violet. Kò tiẹ̀ síbi tí ẹ ti lè pa á nínú ètò rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá dá a lóhùn pé rárá, èyí tó wà níta tẹ́lẹ̀ ló máa dojú kọ ọ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ pààrọ̀ láàárín ìjà, ẹ máa pàdánù àǹfààní kan láti lu òun, òun á sì lu èyí tó ń wọlé bọ̀.

Àmọ́ Nemona kọ́ ni àkọ́kọ́ tó ń mú èyí tí kò lágbára. Hop ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Sword àti Shield ní 2019.

Adé_Paldea (10:25 alẹ́)

Hau ṣe é kí Hop tó ṣe é. Sun àti Moon, 2016.

Bọ̀dá_Gameboy (10:31 alẹ́)

Ó dáa, mo gbà. Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí àgbà sinmi.

Mo ṣì dúró lórí ti Nemona. Ẹni tó bá ń ṣàtìlẹ́yìn fún ẹ, tó ń fún ẹ lẹ́bùn, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ tí o bá nà án, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìgbà tí mo na Blue, ṣe ni mo fò sókè nínú yàrá. Ìgbà tí mo na Nemona, ṣe ló dà bíi pé mo ṣe é lóore.

Tinkaton_Ìyálóde (10:58 alẹ́)

Bọ̀dá, ẹ lọ ṣí ojú ewé ọ̀rọ̀ tiyín fún ìyẹn, ẹ jẹ́ ká yanjú ti Goodra fún ìyá yìí.

Mà, mo lérò pé Gardevoir ni Tóbi ń gbé dìde sí i, pẹ̀lú Moonblast. Ó jọ pé ó mọ́gbọ́n wá, torí irú Pokémon tí wọ́n ń pè ní Fairy ni, dírágónì bíi Goodra sì máa ń bẹ̀rù Fairy. Àmọ́ oríṣi ìkọlù méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń fi ara ṣe, bíi kí wọ́n fi òòlù gbá a, àti èyí tí wọ́n ń ṣe láti òkèèrè bí oògùn. Ààbò Goodra sí èyí tó ń ti òkèèrè bọ̀ jẹ́ 150. Sí èyí tí wọ́n ń fi ara ṣe, 70 péré ni. Moonblast jẹ́ ti òkèèrè. Ṣe ni Gardevoir ipele 58 ń da omi sí akèrègbè tó ti kún. Goodra sì lè kọ́ Sludge Bomb, tó jẹ́ májèlé, Fairy ò sì lè gba májèlé mọ́ra.

Garchomp náà kọ́ ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Goodra lè kọ́ Ice Beam, yìnyín sì ń ran Garchomp ní ìlọ́po mẹ́rin.

Tinkaton ni kí ẹ lọ wá. Irin àti Fairy ni. Ìkọlù dírágónì ò ràn án rárá, májèlé ò ràn án rárá, ìdajì yìnyín ló ń dé ara rẹ̀. Play Rough rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ara ṣe, Fairy sì ni. Ó tún ní Gigaton Hammer tí agbára rẹ̀ jẹ́ 160, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Kékeré ni wọ́n máa ń rí i, Tinkatink, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwókù ilé tó wà káàkiri. Á yí padà ní ipele 24, á tún yí ní 38. Exp. Candy tí Fuecoco ń pariwo, òun ni kí ẹ fún un.

Play Rough lè tàsé o. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má bá mi jà tó bá ṣẹlẹ̀.

Fuecoco_ni_tèmi (11:04 alẹ́)

Ẹ ṣì padà sórí Exp. Candy tèmi. 😂

Dunsparce_Òṣogbo (11:10 alẹ́)

Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Fuecoco_ni_tèmi (11:11 alẹ́)

Ní ipele 56? Ọgbọ́n wo?

Ìyá_Tóbi (Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Tóbi bó ṣe ń wọ bàtà iléèwé. Ó fara mọ́ ti Tinkaton. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó máa kúrò fún un.

Mo ní kó mú Gyarados kúrò. Ó ní láéláé, òun ló fi ọwọ́ ara òun mú un nígbà tó ṣì jẹ́ Magikarp tí kò lè ṣe nǹkan kan. Mo ní kó mú ajá yẹn kúrò, Mabosstiff. Ó ní ṣé mi ò rántí ajá Arven, akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ìtàn géèmù náà, ni. Mo rántí. Ìgbà tí ajá Arven gbádùn, èmi àti ẹ̀ nìkan la wà ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí omi lójú mi.

Ta wá ni ká mú kúrò?

Adé_Paldea (7:15 àárọ̀)

Bó bá ṣe tèmi ni, Mabosstiff. Ajá Arven ò ní bínú, ti Arven ni.

Ẹ má mú Staraptor kúrò. Ẹ wò ó bóyá ó ní Close Combat. Ìkọlù ìjà ni, Dudunsparce àti Orthworm ò sì lè gbà á mọ́ra, àwọn méjèèjì. Lycanroc náà ò fẹ́ ẹ, àmọ́ òkúta Lycanroc máa ba Staraptor jẹ́ kó tó ráyè, nítorí náà Garchomp ni kó kọ́kọ́ jáde. Tí Tóbi bá ti ń kọ́kọ́ gbé Skeledirge jáde, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣòfò: òkúta ò dáa fún iná.

Fún Pawmot, Gardevoir. Psychic ló ń bà á lẹ́rù, ìkọlù ìjà tiẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ran Gardevoir. Garchomp lè ṣe é, torí mànàmáná ò ràn án, àmọ́ Pawmot yára jù ú lọ díẹ̀, ó sì lè kọ́ Ice Punch. Gyarados ni kó jìnnà sí Pawmot. Ìlọ́po mẹ́rin ni mànàmáná fi ń ran Gyarados.

Dunsparce_Òṣogbo (7:33 àárọ̀)

Mo ta ko mímú Gyarados tàbí Staraptor kúrò. Àwọn méjèèjì lè ní Intimidate: bí wọ́n bá ṣe wọlé, agbára ìkọlù ara ti ẹni tó wà níwájú wọn máa dín kù. Gyarados lè wọlé lẹ́ẹ̀kan kó dẹ́rù bà wọ́n, kó sì gba ibẹ̀ kú fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ nìyẹn náà.

Bọ̀dá_Gameboy (8:02 àárọ̀)

Gba ibẹ̀ kú! Magikarp tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ẹ̀yin ọmọ yìí ò láàánú.

Ìyá Tóbi, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe píkíníkì pẹ̀lú wọn, kó se sáńwíìṣì, kó wẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe eré lásán o. Tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, nígbà míràn wọ́n á gba ìkọlù tó yẹ kó pa wọ́n, wọ́n á sì dúró lórí ẹyọ ẹ̀mí kan torí tiẹ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó máa tako ìyẹn?

Adé_Paldea (8:05 àárọ̀)

Òótọ́ ni, Bọ̀dá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Uva (9:26 àárọ̀)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Violet ni mo ṣe, Nemona kan náà ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ tó lè fi Pokémon ipele 100 ránṣẹ́ sí Tóbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báàjì mẹ́jọ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Tinkaton_Ìyálóde (9:40 àárọ̀)

Rárá o. Ọmọ tó kọ̀ láti mú Magikarp àná rẹ̀ kúrò, kí ló fẹ́ fi ti ẹlòmíràn ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́_Uva (9:52 àárọ̀)

Ó tọ́. Mo fà á padà.

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí ọ̀rọ̀ yín àná. Ẹ ní Nemona kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀: kò mọ̀ ọ́n jù rárá. Ohun kan wà tó wé mọ́ apá rẹ̀. Olówó ni ilé wọn, ẹ rí bí ilé náà ṣe tóbi ní Cabo Poco, òun ni olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ti di Champion, síbẹ̀ ohun tí ọmọ kékeré ń fi ṣeré ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sì fi pamọ́. Tèmi ni pé kì í ṣe àánú ló fi mú èyí tí kò lágbára. Ó fẹ́ kí èèyàn tètè dàgbà kó lè rẹ́ni bá jà ni. Tara ẹ̀ ló ń ṣe. Ojúkòkòrò ìjà ni, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí i ni.

Bọ̀dá_Gameboy (10:10 àárọ̀)

Hmm. Mi ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Adé_Paldea (1:18 ọ̀sán)

Kí n tó gbàgbé, Mà, ti Tera, agbára tó ń yí irú tí Pokémon jẹ́ padà. Ẹ sọ fún Tóbi kó má tètè lò ó, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni nínú ìjà. Meowscarada ni kó fi pamọ́ dè. Koríko àti òkùnkùn ni Meowscarada, Skeledirge sì jẹ́ iná àti Ghost. Apá Ghost yẹn ni òkùnkùn fi ń ràn án. Tí Skeledirge bá lo Tera iná tó bá a wáyé, á di iná nìkan, òkùnkùn ò ní lágbára lé e lórí mọ́. Kó wá máa kọ Torch Song. Gbogbo ìgbà tó bá kọ ọ́ ni agbára rẹ̀ ń lọ sókè. Nemona náà máa fi Tera sọ Meowscarada di koríko nìkan. Koríko níwájú iná.

Ìyá_Tóbi (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́.

A rí Tinkatink lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù kan bí Ìyálóde ṣe wí. Ó kéré, ó ń wọ́ òòlù tó tóbi jù ú lọ. Tóbi lọ Tera Raid ní gbogbo òru Ẹtì (mo gbà á láyè, ẹ má bá mi wí), ó kó gbogbo wọn dé 62, 63. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti mọ ẹni tó máa kúrò. Gardevoir ni. Èyí tí ẹ ní kó fi ja Pawmot! Mo ní kí ló dé, ó ní Goodra ti pa á lẹ́ẹ̀mẹfà, ó tó, kó lọ sinmi.

Ìgbà keje, ó tún fìdí rẹmi. Play Rough tàsé. Ìyálóde, mi ò bá ọ jà.

Ìgbà kẹjọ, Garchomp gbé Lycanroc ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Goodra jáde, Tinkaton wọlé, ó gba omi ẹrẹ̀ kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Èmi ni mo pariwo, kì í ṣe òun. Staraptor ja Dudunsparce, ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí ekòló jáde, Skeledirge bá a parí rẹ̀. Pawmot pa Staraptor, ó pa Tinkaton. Gyarados wọlé, ó dẹ́rù bà á, ó sì kú síbẹ̀. Tóbi ò sọ̀rọ̀. Garchomp wá parí Pawmot, ó ku ẹ̀mí díẹ̀.

Meowscarada pa Garchomp. Ó ku Skeledirge àti ajá. Tera. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ orin yẹn.

Nemona ń fò bí ẹni pé òun ló borí. Akẹ́kọ̀ọ́ Uva, mo rántí ọ̀rọ̀ yín.

Nísinsìnyí ó gbé ẹ̀rọ kejì fún mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ tèmi, kí òun rẹ́ni bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, Tóbi ní Nemona ṣì wà nínú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Academy Ace Tournament. Ṣé lóòótọ́ ni?

Fuecoco_ni_tèmi (4:58 ìrọ̀lẹ́)

Lóòótọ́ ni, Mà. Ó tún le jù báyìí lọ níbẹ̀. Ẹ lọ kó Exp. Candy.

Dunsparce_Òṣogbo (5:03 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má tíì sọ ti Kieran, alátakò inú àfikún géèmù náà, fún wọn o.